Iná méjì ní ìwọ̀ oòrùn lálẹ́: báwo lẹ ṣe ń fi ojú lásán dá pílánẹ́ẹ̀tì mọ̀?

ỌmọỌ̀ṣogbo | 24 oṣù Karùn-ún 2026, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rí iná méjì lójú ọ̀run lápá ìwọ̀ oòrùn, bí oòrùn bá ti wọ̀ tán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kí ìràwọ̀ kankan tó yọ lòun ti máa ń yọ. Èkejì wà lókè rẹ̀, kò mọ́lẹ̀ tó o, àmọ́ òun náà ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ. Wọn kì í ṣẹ́jú, wọn kì í sáré bíi bàálù. Màmá mi ní Àgùàlà ni ti ìsàlẹ̀ yẹn, pé láti kékeré làwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní pílánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì.

Mi ò ní awò kankan, mi ò sì tíì fẹ́ rà. Ohun tí mo ń wá ni bí èèyàn ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ dá wọn mọ̀, kí n lè fi han àwọn ọmọ mi, kí ó má jẹ́ pé orúkọ ni mo kàn ń dá fún wọn. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

BàbáOlùkọ́ | 10:31 alẹ́

Màmá rẹ gbà á. Àgùàlà ni ti ìsàlẹ̀, òun ni ìwé sáyẹ́ǹsì ń pè ní Venus. Ti òkè ni Júpítà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò parọ́, pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní tòótọ́.

Márùn-ún ni pílánẹ́ẹ̀tì tí ojú lásán ń rí dáadáa: Mẹ́kúrì, Àgùàlà, Máàsì, Júpítà àti Sátọ́ọ̀nù. Úránù tí William Herschel ṣàwárí ní 1781, ojú tó mú ṣáṣá níbi tó ṣókùnkùn biribiri nìkan ló lè rí i fìrí. Nẹ́pítúnù tí wọ́n rí ní 1846 kò ṣeé fi ojú lásán rí rárá. Fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ di mú ni ọ̀nà wọn. Lọ́sàn-án, ṣàkíyèsí ibi tí oòrùn ti yọ, ibi tó gbà lókè, àti ibi tó wọ̀ sí. Ojú ọ̀nà yẹn ni òṣùpá àti gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀. Wọ́n lè yà díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, ọ̀nà náà sì máa ń fì síhà àríwá tàbí gúúsù bí oṣù ṣe ń yí, àmọ́ wọn kì í kúrò níbẹ̀. Ìdí ni pé ayé tiwa àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ń yí oòrùn po bí ẹni pé wọ́n wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ṣoṣo, nítorí náà, láti ibi tí a wà, orí ìlà kan náà ni a ti ń rí gbogbo wọn. Bí o bá rí ohun kan tó ń tàn ní àríwá pátápátá, tàbí ní gúúsù nísàlẹ̀, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Òfin yìí nìkan ti yọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ àṣìmọ̀.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín orí wa kọjá. Nítorí náà, ṣe ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gùn lọ sókè tààràtà, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ tààràtà. Ojú rere gidi lèyí jẹ́ fún wa, màá tún padà sórí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè Mẹ́kúrì.

Èkejì: Àgùàlà àti Mẹ́kúrì sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, nítorí náà wọn kò lè jìnnà sí i lójú wa, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn kò ṣe lè kọjá ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Okùn Àgùàlà gùn tó dígírì 47, ti Mẹ́kúrì kì í kọjá 28. Ìdí nìyẹn tí o kò fi ní rí Àgùàlà láàárín òru láéláé. Ìrọ̀lẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn tàbí ìdájí ní ìlà oòrùn, ibi méjèèjì náà ni ilé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iná ńlá kan hàn ọ́ lágbedeméjì ọ̀run ní aago méjìlá òru tó sọ pé Àgùàlà ni, Júpítà ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Júpítà, Sátọ́ọ̀nù àti Máàsì kò ní okùn lọ́rùn, wọ́n lè wà níbikíbi lórí ọ̀nà náà.

AwakọÒru | 25 oṣù Karùn-ún, 4:52 ìdájí

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ojú pópó ni mo máa ń wà lóru, n óò fi tèmi kún un lórí ohun tí kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì.

Bàálù tó bá ń dojú kọ yín lọ́ọ̀ọ́kán máa ń dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, iná iwájú rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ bí Àgùàlà gẹ́lẹ́. Ẹ fi sùúrù wò ó. Bí ó bá yà báyìí, ẹ óò rí pupa àti àwọ̀ ewé lára ìyẹ́ rẹ̀. Sátẹ́láìtì kì í ṣẹ́jú, kò ní iná pupa, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Èyí tó tóbi jù tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń gbé inú rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ tó Júpítà, ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ló sì fi ń gba ojú ọ̀run kọjá, torí pé bíi ìṣẹ́jú 90 péré ló fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí iná tín-tìn-tín tó tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀, Starlink ni, àwọn sátẹ́láìtì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì.

Iná orí òpó tẹlifóònù náà ń tan àwọn èèyàn jẹ, pàápàá tí kùrukùru bá bo òpó mọ́lẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ yín kúrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Bí iná náà bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wà tẹ́lẹ̀, ayé níbí ló wà.

ÌyáÌbejì | 7:15 òwúrọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ bá mi yanjú ọ̀kan. Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù Kẹjọ, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé Máàsì máa tóbi tó òṣùpá lálẹ́ báyìí-báyìí, pé òṣùpá méjì máa yọ. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?

BàbáOlùkọ́ | 8:02 òwúrọ̀

Kò ṣẹlẹ̀ rí, kò sì lè ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ni ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2003, tí Máàsì sún mọ́ ayé ju bó ṣe sún mọ́ ọn lọ láti nǹkan bí 60,000 ọdún. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú lẹ́tà orí ayélujára nígbà náà pé bí èèyàn bá fi awò wò ó, tí awò náà sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 75, yóò rí bí òṣùpá ṣe rí sí ojú lásán. Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ gé ọ̀rọ̀ awò kúrò, wọ́n fi òṣùpá sílẹ̀. Lójú lásán, ìràwọ̀ pupa tó mọ́lẹ̀ ni Máàsì jẹ́ lọ́dún náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ nípa Máàsì dùn ju irọ́ yẹn lọ. Òun ló ń yí padà jù nínú gbogbo wọn. Lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí oṣù 26 ni ayé máa ń bá a lórí ìrìn, a ó wà láàárín òun àti oòrùn. Lásìkò yẹn ó lè mọ́lẹ̀ kọjá gbogbo ìràwọ̀, nígbà mìíràn kọjá Júpítà pàápàá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó ti relé, ó ti di ìràwọ̀ pupa kékeré tí ẹlòmíràn kò ní kà sí. Èyí tó kọjá jẹ́ oṣù Kìíní 2025, èyí tó ń bọ̀ jẹ́ 19 oṣù Kejì 2027. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ìbejì.

Ìjẹ̀búNíLọ́ńdọ̀nù | 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ́jú yẹn díẹ̀. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í ṣẹ́jú. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ìràwọ̀ jìnnà débi pé ojú kan tín-tín ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, afẹ́fẹ́ á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Pílánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ìtìkutì náà á para wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín pọ̀ jù. Mo ti rí Àgùàlà tó ń dán yinrin-yinrin, tó ń ju pupa àti búlúù síta, lórí òrùlé àdúgbò mi níbí. Nítorí náà, ẹ má fi ṣíṣẹ́jú nìkan dájọ́ àyàfi tí nǹkan náà bá ga tó ìkúùkù méjì sókè ilẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ìkúùkù: ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ di ìkúùkù, kí ẹ di ojú kan. Fífẹ̀ ìkúùkù náà tó dígírì mẹ́wàá. Ìka tó kéré jù tó dígírì kan, òṣùpá fúnra rẹ̀ kò ju ìdajì dígírì lọ. Ọmọdé ọwọ́ rẹ̀ kéré, apá rẹ̀ náà kúrú, nítorí náà iye kan náà ló máa ń bọ́ sí. Lálẹ́ àná, láti Àgùàlà dé Júpítà, mo ka bí ìkúùkù kan àti ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè Mẹ́kúrì tí Bàbá dárúkọ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, oòrùn kì í tètè wọ̀ nínú oṣù Kẹfà, ó di aago mẹ́sàn-án kọjá, ojú ọ̀run kì í sì í ṣú tán títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ṣòro gan-an láti rí i.

BàbáOlùkọ́ | 3:44 ọ̀sán

O ṣeun tí o là á yé wọn, ọmọ mi. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ojú rere wà fún wa nílé. Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà tó la ayé láàárín, ọ̀nà oòrùn máa ń dà gbalaja níbẹ̀, Mẹ́kúrì a sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí òrùlé, kò ní ga. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígírì méje àti ààbọ̀. Níbí, bí Mẹ́kúrì bá jìnnà sí oòrùn ní dígírì 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé dígírì 24 náà ló máa ga sókè nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ilẹ̀ sì ń yára ṣú lọ́dọ̀ wa: kò tó wákàtí kan àti ààbọ̀ láti ìgbà tí oòrùn wọ̀ títí dìgbà tí òkùnkùn fi kún.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ojú ọ̀run ní ilẹ̀ òtútù ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá Mẹ́kúrì. Àwa tí a lè rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wa kì í wò ó. Ó ń dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà yìí, Mẹ́kúrì máa dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ, dígírì 24 àti ààbọ̀. Láti bí ọjọ́ 8 títí dé bí ọjọ́ 20, ẹ jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. L'Ékòó, oòrùn máa ń wọ̀ ní bí aago méje lásìkò yẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ Júpítà, lápá ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Iná kékeré kan tó dá wà ní bí ìkúùkù kan sókè ilẹ̀, òun ni. Kò mọ́lẹ̀ tó àwọn méjì òkè, ẹ má retí ohun ńlá.

AlfaÌlọrin | 26 oṣù Karùn-ún, 6:10 àárọ̀

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Àwa tí a máa ń jáde wo oṣù tuntun, a ti mọ àwọn ìmọ́lẹ̀ yìí tipẹ́, torí pé wọ́n máa ń wà níbi tí a bá kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀dọ́ kan ti nàka sí Àgùàlà tó ní òun rí oṣù.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé òṣùpá ni kí ẹ fi ṣe olùkọ́. Lóṣooṣù ló ń gba ẹ̀gbẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sì ń sún síhà ìlà oòrùn ní bíi dígírì 13 lójúmọ́, ìyẹn bí ìkúùkù kan lé díẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ kan òṣùpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sátọ́ọ̀nù, ẹ ti mọ Sátọ́ọ̀nù nìyẹn, ẹ kò nílò àwòrán kankan. Àwọn àgbà wa náà wò ó dáadáa. Wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹ bá àwọn ọmọ yín jáde lálẹ́ méjì tẹ̀ léra, wọn á fojú ara wọn rí i pé òṣùpá ti bá tirẹ̀ lọ, Àgùàlà ti dúró lẹ́yìn.

Oṣù Muharram tó máa bẹ̀rẹ̀ ọdún 1448 ni a óò máa wá tó bá di ọjọ́ 15 àti 16 oṣù Kẹfà. Lálẹ́ ọjọ́ 16, òṣùpá tín-ínrín yóò wà nítòsí Mẹ́kúrì, Júpítà lókè wọn, Àgùàlà lókè gbogbo wọn. Lálẹ́ 17, òṣùpá ti gòkè dé ọ̀dọ̀ Àgùàlà. Ẹni tí kò tíì rí Mẹ́kúrì rí láyé rẹ̀, kí ó gbìyànjú lọ́jọ́ 16 bí kùrukùru bá gbà.

Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ní awò ojú méjì, kó má gbé e sójú rárá kí oòrùn tó wọ̀ tán pátápátá. Bí etí oòrùn bá ṣẹ́ kù, ó lè fọ́ ojú ẹni láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kò sì ní dùn ún nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá mú awò.

ApẹjaẸ̀pẹ́ | 11:27 òwúrọ̀

Ọ̀sà ni ibi iṣẹ́ wa, kò sí òrùlé tó ń dí wa lójú. Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ Ọ̀ṣogbo kún un: bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lálẹ́ yìí, ìmọ́lẹ̀ kẹta kan wà lápá òsì yín, ó funfun, ó sì ń ṣẹ́jú gidi. Ìràwọ̀ ọkọ̀ nìyẹn, èyí tí ìwé ń pè ní Sirius. Òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ tòótọ́. Bó bá sún mọ́ omi, á máa pa àwọ̀ dà lójú ẹni, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tuntun á ní bàálù ni. Síwájú sí i lápá òsì, nísàlẹ̀ gúúsù, Canopus náà wà níbẹ̀, òun ló mọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí Canopus láéláé, àwa ń rí i láti orí ọkọ̀.

Àwọn méjì yìí làwọn èèyàn ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì jù. Ẹ padà sórí òfin Bàbá: wọn kò sí lójú ọ̀nà oòrùn. Ó parí.

Nípa kùrukùru, òjò kì í ṣe ọ̀tá. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lọ́sàn-án tó dá ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á mọ́ tóní, eruku á ti wálẹ̀. Mo fẹ́ alẹ́ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo alẹ́ ọyẹ́ lọ. Nígbà ọyẹ́ kò sí kùrukùru lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku tó ń ti aṣálẹ̀ wá máa ń gbé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ mì. Àwọn tó bá ga sókè nìkan ni ẹ óò rí nígbà náà, àwọ̀ wọn á sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi àwọ̀ dá Máàsì mọ̀ nínú ọyẹ́.

ỌmọKọ̀ǹpútà | 27 oṣù Karùn-ún, 8:33 alẹ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín. Fún àwọn tó ní fóònù: áàpù Stellarium wà, Sky Map náà wà, ẹ lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn kọ fóònù sí ojú ọ̀run, á kọ orúkọ síwájú yín. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kọ́ńpáàsì inú fóònù. Bí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ tàbí ọgbà onírin, á ṣì yín lọ́nà, á máa pe Júpítà ní nǹkan mìíràn. Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kí ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà mẹ́jọ lójú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, á padà bọ̀ sípò. Kí ẹ sì rí i dájú pé ó mọ ìlú tí ẹ wà, torí pé bí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè máa fi ojú ọ̀run ìlú òyìnbó hàn yín.

AlfaÌlọrin | 9:05 alẹ́

Ó dára, ọmọ mi, mo kàn fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú wò ó. Ẹni tí fóònù bá sọ orúkọ fún, ọ̀la ló máa tún béèrè.

ỌmọKọ̀ǹpútà | 9:12 alẹ́

Mo gbọ́, Alfa. Bí èmi náà ṣe ń lò ó nìyí: mo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ sókè ketekete, lẹ́yìn náà ni mo máa tan fóònù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù kí ó má fọ́ yín lójú. Fún pílánẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ pọn dandan kí ẹ wá òkùnkùn lọ. Àgùàlà àti Júpítà ń yọ láàárín iná Ìkẹjà.

ÌyáÌbejì | 28 oṣù Karùn-ún, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Màmá àgbà ilé wa ní Àgùàlà ìrọ̀lẹ́ àti ti ìdájí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáOlùkọ́ | 7:49 alẹ́

Ọ̀kan náà ni. Ẹ má dá màmá lẹ́bi, àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà fún un ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan fún òwúrọ̀. Ẹ lè fojú yín rí ìyípadà náà lọ́dún yìí. Ní 15 oṣù Kẹjọ, yóò jìnnà sí oòrùn dé òpin okùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lálaalẹ́, yóò sì máa mọ́lẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ ayé. Ní 24 oṣù Kẹwàá, yóò gba àárín àwa àti oòrùn kọjá, ẹ kò ní rí i. Kí oṣù Kọkànlá tó lọ jìnnà, ó ti wà ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jí màmá kó wá wò ó.

Ẹ̀bùn kan fún ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò: ọjọ́ 584 ni Àgùàlà fi ń yí ìyípo rẹ̀ pé lójú wa, láti àṣálẹ́ dé ìdájí títí padà sí àṣálẹ́. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di 2,920, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́jọ gẹ́lẹ́ bí a bá ka ọdún sí ọjọ́ 365. Nítorí náà, gbogbo ohun tí Àgùàlà ń ṣe lójú ọ̀run ní oṣù Kẹfà yìí, ó ṣe é ní oṣù Kẹfà 2018, yóò tún ṣe é ní 2034. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìrọ̀lẹ́ láti 2018, kó wo igun rẹ̀ dáadáa.

ỌmọỌ̀ṣogbo | 10 oṣù Kẹfà, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ìdúró tì wá o! Òjò dá lánàá ní bí aago márùn-ún, ojú ọ̀run sì mọ́. Àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn! Ìka méjì ni mo fi dí àlàfo àárín wọn. Láti ìgbà tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ya ibi tí wọ́n wà sínú ìwé, wọ́n fi orí igi máńgòrò àti òpó iná ṣe àmì, wọ́n sì rí i pé Àgùàlà ló ń gun òkè lọ bá Júpítà. Èyí obìnrin béèrè pé ṣé wọn ò ní kọlu ara wọn.

Màmá mi ní kí n kí gbogbo yín. Ibo la ti máa rí Máàsì àti Sátọ́ọ̀nù báyìí?

Ìjẹ̀búNíLọ́ńdọ̀nù | 8:15 àárọ̀

Ẹ bá mi sọ fún un pé wọn ò lè kọlu ara wọn. Júpítà jìnnà sí wa ju Àgùàlà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún lásìkò yìí, wọ́n kàn bọ́ sójú ìlà kan náà ni. Bí ọdún 2020 ṣe rí náà nìyẹn, ní 21 oṣù Kejìlá, tí Júpítà àti Sátọ́ọ̀nù sún mọ́ra débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rí wọn bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

AwakọÒru | 11 oṣù Kẹfà, 5:20 ìdájí

Mo ń wò wọ́n lọ́wọ́ báyìí, mo ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn ní bí aago márùn-ún ìdájí. Èyí tó ga, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ògì bàbà, tó dúró jẹ́ẹ́, Sátọ́ọ̀nù ni. Máàsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, ó pupa díẹ̀, kò mọ́lẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò, torí pé ó ṣì jìnnà. Àwọn méjèèjì kò ju ìràwọ̀ ńlá lásán lọ, ẹ fi sùúrù wá wọn.

BàbáOlùkọ́ | 7:30 òwúrọ̀

O rí i bó ṣe yẹ. Sátọ́ọ̀nù ló ń fẹ́ sùúrù jù, torí pé kò mọ́lẹ̀ tó Júpítà, kì í sì í yára: ọdún 29 àti ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po, nítorí náà ibi tí ọmọ rẹ bá rí i lọ́dún yìí, kò ní jìnnà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Júpítà ń fi ọdún bíi méjìlá yí i. Bí jíjí ní ìdájí bá nira fún àwọn ọmọ, kí wọ́n dúró di 4 oṣù Kẹwàá. Lálẹ́ ọjọ́ náà Sátọ́ọ̀nù máa yọ ní ìlà oòrùn bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀, á sì wà lójú ọ̀run títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó ti ga tó, kò sí ìmọ́lẹ̀ ńlá mìíràn nítòsí rẹ̀ tí wọ́n lè ṣì í mú.

Òrùka rẹ̀ kò ṣeé fi ojú lásán rí, awò ojú méjì kékeré náà kò tó o. Àmọ́ awò ojú méjì tí àwọn èèyàn ń lò níbi eré bọ́ọ̀lù tó láti fi rí òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà ní oṣù Kìíní 1610, bí ẹ bá fi ìgbúnwọ́ ti ògiri kí ọwọ́ má gbọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ní i, ẹ yá a. Kí ẹ tètè ṣe é, torí bí oṣù Keje bá ń parí lọ, Júpítà á ti wọ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó di ìdájí oṣù Kẹjọ kí a tó tún rí i.

ÌyáÌbejì | 12 oṣù Kẹfà, 8:21 alẹ́

A rí Mẹ́kúrì! Ó wà ní ìsàlẹ̀ Júpítà bí Bàbá ṣe wí, ó kéré, ó funfun. Kẹ́yìndé ló kọ́kọ́ rí i. Kùrukùru ti bò ó báyìí. Ẹni tó bá wà lápá Abẹ́òkúta, ẹ yára jáde, ọ̀run ṣì mọ́ lápá ibẹ̀ yẹn.